Hítà ńlá kan tàbí kéékèèké mélòó kan? Bí a ṣe ń ṣètò omi gbígbóná fún ilé ní Àkúrẹ́

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́lé ní Àkúrẹ́ ló máa ń fi ọ̀rọ̀ omi gbígbóná sí ìgbẹ̀yìn. Wọ́n á ti rẹ́ ilé tán, wọ́n á ti lẹ táìsì balùwẹ̀, kí wọ́n tó bi púlọ́ńbà pé hítà wo ni ká rà. Púlọ́ńbà á wo iye balùwẹ̀, á ní ẹ ra mẹ́rin. Òmíràn á ní ẹ ra ńlá kan ṣoṣo, kí gbogbo ilé máa mu níbẹ̀. Ìdáhùn méjèèjì lè tọ̀nà, méjèèjì sì lè jẹ́ owó tó wọgbó, torí iye balùwẹ̀ kọ́ ló ń pinnu ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó ń pinnu rẹ̀ ni iye garawa omi gbígbóná tí ilé ń lò ní wákàtí tí gbogbo èèyàn ń wẹ̀ pọ̀, bí páìpù ṣe jìnnà tó láti hítà dé ẹnu ẹ̀rọ, àti irú iná tó ń dé àdúgbò yín.

Oríṣi mẹ́rin ló wọ́pọ̀ lọ́jà. Oní-táǹkì ń lo iná mọ̀nàmọ́ná, ó sì ń gbé omi lítà 15, 30, 50, 80 tàbí 100 mọ́ra. Ojú-ẹsẹ̀ kì í tọ́jú omi, bí omi ṣe ń kọjá nínú rẹ̀ ló ń mú un gbóná. Onígáàsì náà jẹ́ ojú-ẹsẹ̀. Ti sólà wà lórí òrùlé. Ilé tó da méjì pọ̀ nínú wọn ni omi gbígbóná kì í wọ́n, bí iná bá lọ tàbí bí gáàsì bá tán. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka garawa, ẹ má ka balùwẹ̀

Ẹ mú bébà. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń wẹ̀ láàárín aago márùn-ún sí aago méje àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Ẹni tó ń fi garawa wẹ̀, ẹ kọ lítà 20 síwájú rẹ̀. Ẹni tó ń lo ṣáwà, ẹ kọ lítà 50, torí ṣáwà tó ń tú lítà 8 ní ìṣẹ́jú kan á lo lítà 48 ní ìṣẹ́jú mẹ́fà. Bí wọ́n bá ń fi omi gbígbóná fọ abọ́ láàárọ̀, ẹ fi lítà 20 kún un.

Lọ́pọ̀ oṣù, omi inú táǹkì òkè ní Àkúrẹ́ máa ń wà ní nǹkan bíi dígírì 25. Láàárọ̀ ọyẹ́, ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní, ó lè wálẹ̀ sí bíi 20. Ọyẹ́ ni kí ẹ fi ṣírò, torí ìgbà ọyẹ́ gan-an ni kálukú ń wá omi gbígbóná. Omi ìwẹ̀ tó bá ara mu wà ní bíi dígírì 40, ti inú hítà sì yẹ kó wà ní 60. Bí tútù bá jẹ́ 20, tí gbígbóná jẹ́ 60, ẹ pò wọ́n ní ọgbọọgba, ẹ ó ní 40. Ìdajì omi ìwẹ̀ nìkan ló ń ti inú hítà wá nìyẹn. Garawa lítà 20 kan kò gbà ju lítà 10 lọ lọ́wọ́ hítà.

Ẹ wo ilé ẹni mẹ́fà: bàbá àti ìyá ń lo ṣáwà, ọmọ mẹ́rin ń fi garawa wẹ̀, wọ́n sì ń fọ abọ́. Lítà 100, lítà 80, lítà 20, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 200. Ìdajì rẹ̀, lítà 100, ni hítà gbọ́dọ̀ pèsè.

Ẹ̀tàn kan wà níbí tó máa ń kó ìjákulẹ̀ bá àwọn èèyàn. Hítà lítà 50 kì í fún ni ní lítà 50 omi gbígbóná. Bí ẹ ṣe ń fa gbígbóná lókè ni tútù ń wọlé nísàlẹ̀, wọ́n sì ń dàpọ̀. Ẹ ka 40 nínú 50. Lọ́wọ́ kejì, bí iná bá wà, hítà ò dúró: lítà 50 tó ń lo kílówáàtì 1.5 máa ń gba nǹkan bíi wákàtí kan àti ààbọ̀ kó tó gbé omi láti 20 dé 60. Nínú wákàtí méjì tí ilé yẹn fi ń wẹ̀, hítà lítà 50 méjì tàbí lítà 100 kan á tó wọn bí iná ò bá lọ.

Ẹ má yí bọ́tìnì ooru sí 45 nítorí pé ẹ fẹ́ ṣọ́ iná. Kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní Legionella, tó ń fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, ń gbèrú nínú omi tó wà láàárín dígírì 20 sí 45. Dígírì 60 ló ń pa á. Hítà tí ẹ ti pa fún ọ̀sẹ̀ kan, bóyá ẹ lọ sí ìrìn àjò, ẹ jẹ́ kó dé 60 kí ẹnikẹ́ni tó dúró lábẹ́ ṣáwà rẹ̀. Ṣùgbọ́n 60 lè bó ọmọdé lára. Ní balùwẹ̀ ọmọ, ẹ kọ́ wọn pé tútù là ń kọ́kọ́ ṣí.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wọn páìpù

Ibí ni hítà ńlá kan ti sábà máa ń pàdánù. Páìpù tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 20 ń gba nǹkan bíi lítà 0.3 nínú mítà kan gígùn. Ní ilé alájà méjì, láti ẹ̀yìn ilé ìdáná nísàlẹ̀ dé balùwẹ̀ iwájú lókè, mítà 20 kì í ṣe nǹkan. Lítà 6 omi tútù ló wà nínú páìpù yẹn tí ẹni tó ń wẹ̀ máa dà nù kí gbígbóná tó dé. Bó bá wẹ̀ tán, lítà 6 omi gbígbóná tún wà nínú páìpù tó máa tutù láìsí ẹni tó lò ó. Ẹni mẹ́rin tó wẹ̀ pẹ̀lú àlàfo ìdajì wákàtí láàárín ara wọn ti da lítà 24 nù, wọ́n sì ti sanwó iná lórí iye kan náà tí wọn ò wẹ̀.

Òdiwọ̀n tí a fi ń ṣiṣẹ́ ni mítà 10. Balùwẹ̀ tí páìpù rẹ̀ bá jìn ju mítà 10 lọ sí hítà, ẹ fún un ní tirẹ̀. Balùwẹ̀ méjì tó fẹ̀yìn kan ara wọn lè lo ẹyọ kan, kí ẹ gbé e sára ògiri tó wà láàárín wọn. Ẹ lo páìpù tẹ́ẹ́rẹ́, tí inú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 15, dé ẹnu ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan: lítà 0.18 péré ló ń gbà ní mítà kan.

Páìpù PVC funfun tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ kò yẹ fún omi gbígbóná. Á dúró fún oṣù díẹ̀, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ láàárín ìdè méjì bí okùn ìsáṣọ, oríkèé á sì máa jò sínú ògiri. PPR tí wọ́n ń fi iná jó pọ̀ ni kí ẹ lò, èyí tí ìlà pupa wà lára rẹ̀, tàbí CPVC, irú PVC tí wọ́n ṣe fún omi gbígbóná. Ẹ ní kí wọ́n fi fóòmù wé apá tó bá gba òrùlé tàbí ìta kọjá.

Ìgbésẹ̀ kẹta: irú iná tó ń dé àdúgbò yín

Ẹ wo ìpele (Band) tí BEDC, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná, fi àdúgbò yín sí. Band A yẹ kó rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, B wákàtí 16, C 12, D 8, E 4. Ìpele yìí ṣe pàtàkì ju orúkọ tó wà lára hítà lọ.

Ní Band A àti B, hítà ojú-ẹsẹ̀ ṣeé lò, torí ó ṣeé ṣe kí iná wà nígbà tí ẹ fẹ́ wẹ̀. Ní D àti E, ojú-ẹsẹ̀ oníná kò wúlò rárá. Iná tó wá ní aago méjì òru tó sì lọ ní aago márùn-ún kò ní bá ẹnikẹ́ni nínú balùwẹ̀. Oní-táǹkì ló yẹ irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, kí omi gbóná nígbà tí iná bá dé, kó sì dúró de àárọ̀. Hítà lítà 50 tí fóòmù inú rẹ̀ nípọn dáadáa ń pàdánù nǹkan bíi yúníìtì kan ní wákàtí 24. Ìyẹn ni pé bí iná bá lọ ní aago mẹ́wàá alẹ́ nígbà tí omi wà ní 60, ní aago mẹ́fà àárọ̀ á ṣì wà ní bíi 54. Ẹ rí i pé ibi tí iná ti ń ṣe ségesège gan-an ni táǹkì ńlá ti wúlò jù.

Bí a ṣe ń ṣírò yúníìtì nìyí: lítà omi, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú iye dígírì tó fẹ́ gùn, ẹ fi 860 pín in. Lítà 50 láti 20 dé 60 jẹ́ 50 lọ́nà 40, ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹ fi 860 pín in, ó jẹ́ yúníìtì 2.3. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó yúníìtì Band A fò láti nǹkan bíi naira 68 sí naira 225. Ní iye yẹn, mímú hítà lítà 50 gbóná lẹ́ẹ̀kan ń gba ohun tó lé ní naira 500. Ẹ wo iye tó wà lórí ìwé rẹ̀kájì yín kí ẹ fi ṣe ti yín.

Iná tó rẹlẹ̀ tún jẹ́ ọ̀tá. Bí fóólẹ́ẹ̀jì bá já láti 230 sí 180, agbára hítà kò dín kù ní ìwọ̀n kan náà. Ó já sí nǹkan bíi ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Hítà tó yẹ kó gbóná ní wákàtí kan àti ààbọ̀ á gba wákàtí méjì àti ààbọ̀. Kì í ṣe pé hítà bàjẹ́. Kí ẹ tó pe oníná, ẹ fi mítà wọn fóólẹ́ẹ̀jì ní aago mẹ́fà àárọ̀, nígbà tí gbogbo àdúgbò ti tan nǹkan.

Wáyà àti búrẹ́kà ń kọ́? Kílówáàtì 1.5 ń fa ámpù 6.5, kílówáàtì 3 ń fa 13. Wáyà 2.5mm pẹ̀lú búrẹ́kà ámpù 20 tó fún ìkọ̀ọ̀kan. Ojú-ẹsẹ̀ kílówáàtì 5.5 ń fa ámpù 24. Ó nílò wáyà 6mm tirẹ̀ láti bọ́ọ̀dù, pẹ̀lú búrẹ́kà 32, kò sì gbọ́dọ̀ gba inú sọ́kẹ́ẹ̀tì kankan. Bí ẹ bá fi í sórí 2.5mm tó ti wà nílẹ̀, wáyà á gbóná nínú ògiri níbi tí ojú ò tó. Gbogbo hítà gbọ́dọ̀ ní áàtì (wáyà tó ń gbé iná tó bá jò wọ ilẹ̀) tó dúró dáadáa àti ELCB mílíámpù 30, búrẹ́kà tó ń já bí iná bá ń jò. Iná àti omi ò ṣeé fi dánra wò.

Ẹ má so hítà mọ́ invẹ́tà. Bátìrì fóòtì 12 tó jẹ́ 220Ah ní nǹkan bíi yúníìtì 2.6 nínú nígbà tó bá kún, ìdajì rẹ̀ nìkan ló sì yẹ kí ẹ lò bó bá jẹ́ bátìrì olómi. Hítà lítà 50 kan ń fẹ́ 2.3. Á gbẹ bátìrì náà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ipò gáàsì àti sólà nínú ètò yín

Kílò gáàsì kan ń gbé ooru tó tó nǹkan bíi yúníìtì 10 wọ inú omi, lẹ́yìn tí a ti yọ èyí tó bá èéfín lọ. Òfin tó ṣeé há sórí ni pé bí kílò gáàsì kan bá dín ní owó yúníìtì 10, gáàsì ló rọrùn lápò. Sílíńdà kílò 12.5 kan dọ́gba pẹ̀lú yúníìtì 125. Hítà onígáàsì tí wọ́n ń pè ní lítà 6 ń mú garawa kan kún ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, kò sì bìkítà bóyá NEPA mú iná lọ. Ojú-ẹsẹ̀ oníná kílówáàtì 3.5 á gba ìṣẹ́jú mẹ́jọ kó tó kún garawa kan náà láàárọ̀ ọyẹ́.

Ṣùgbọ́n gáàsì ní ìwà méjì tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Àkọ́kọ́, ipá omi ló ń tan án. Ẹ fi téèpù wọn gíga láti ìsàlẹ̀ táǹkì òkè dé orí ṣáwà. Mítà kan gíga jẹ́ báà 0.1 (báà ni a fi ń wọn ipá omi). Ọ̀pọ̀ hítà onígáàsì kò ní tan bí ipá omi bá kéré sí 0.2 tàbí 0.3, ẹ ka èyí tí wọ́n kọ sára tiyín. Ní ilé alájà méjì tí táǹkì rẹ̀ jókòó lórí stánṣọ̀n tí kò ga ju òrùlé lọ púpọ̀, ṣáwà òkè lè má ní ju mítà kan àti ààbọ̀ lọ. Níbẹ̀, hítà á kàn máa dún tẹ́-tẹ́-tẹ́ láìtan. Ìsàlẹ̀ ni gáàsì yóò ti ṣiṣẹ́ dáadáa, oní-táǹkì ni kí ẹ fi sókè. Ẹ rí i bí ilé fúnra rẹ̀ ṣe ń sọ ètò àdàlù tó fẹ́.

Ìkejì pa èèyàn. Hítà onígáàsì kò gbọ́dọ̀ wọ balùwẹ̀, kò gbọ́dọ̀ wọ pálọ̀, kò gbọ́dọ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti pa. Bí afẹ́fẹ́ kò bá tó o, ó ń tú carbon monoxide, èéfín tí kò ní òórùn, tí ojú kò rí. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ á kàn rò pé orí ń fọ́ òun tàbí pé oorun ń kun òun ni, yóò sì ṣubú kó tó mọ̀. Fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ kò tó láti gbọ́kàn lé. Ara ògiri ìta ni kí ẹ gbé e kọ́, kí páànù kékeré bò ó lójú òjò, kó sì jìnnà sí fèrèsé yàrá. Sílíńdà náà, ìta ni.

Ti sólà lítà 200 lórí òrùlé dára fún ilé tó ń lo omi púpọ̀ lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́. Àkúrẹ́ wà ní nǹkan bíi dígírì 7 lápá àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì, nítorí náà apá gúúsù ni kí ẹ kọjú rẹ̀ sí, kó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀, bíi dígírì 10 sí 15. Bí ó bá tẹ́jú pátápátá, eruku ọyẹ́ á jókòó lórí rẹ̀, òjò ò sì ní fọ̀ ọ́ dànù. Oríṣi tí kò fẹ́ ipá omi, tó ní ihò atẹ́gùn lókè, kò gbọ́dọ̀ gba omi tààrà láti ọ̀dọ̀ pọ́ńpù. Ní ìgbà òjò, ọ̀sẹ̀ kan lè kọjá tí oòrùn ò ní ràn tó. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí omi sólà gba inú hítà oníná oní-táǹkì kọjá: ọjọ́ tí oòrùn bá mú, hítà á rí i pé omi ti gbóná, kò ní fa iná. Ọjọ́ tí kò bá mú, á parí iṣẹ́ tó kù. Ẹ fi fáàfù ìpòmi, tó ń po tútù mọ́ gbígbóná, sí ibi tí páìpù ti wọ balùwẹ̀, torí omi sólà lè kọjá dígírì 70 lọ́sàn-án.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìpinnu

Fún bọ́ngálò yàrá mẹ́ta tí balùwẹ̀ méjì rẹ̀ sún mọ́ra, ẹyọ kan lítà 50 sí 80 àti gáàsì kékeré kan níta ilé ìdáná ti tó. Ẹ má náwó lórí mẹ́ta.

Fún ilé alájà méjì ní Alágbàká tàbí Ọba-Ilé, tí balùwẹ̀ rẹ̀ tó mẹ́rin tàbí márùn-ún, a fara mọ́ kéékèèké: lítà 50 kan láàárín balùwẹ̀ méjì òkè tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́, gáàsì fún ìsàlẹ̀ àti ilé ìdáná, àti lítà 15 fún yàrá àlejò, tí ẹ ó máa pa títí àlejò yóò fi dé. Hítà ńlá kan ní irú ilé yìí á máa mú lítà 150 gbóná nítorí ẹni kan tó fẹ́ fọ ojú.

Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyíká FUTA (yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́) ní ìdáhùn kan ṣoṣo, kì í sì í ṣe ti omi: ẹni tó lò ó ni kó san án. Lítà 10 tàbí 15 nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, lórí mítà yàrá náà. Hítà àjọlò tí owó rẹ̀ ń wọ mítà onílé ń dá ìjà sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ilé àlejò ni hítà ńlá tọ́ sí, irú èyí tí àwọn tó ń lọ gun òkè Ìdànrè máa ń sùn sí. Yàrá pọ̀, wọ́n tò lórí ìlà kan, àwọn àlejò sì ń wẹ̀ ní wákàtí kan náà. Níbẹ̀ náà, ẹ má ra lítà 200 kan. Ẹ ra 100 méjì, kí ẹ so wọ́n pọ̀. Ọjọ́ tí élímẹ́ǹtì kan (irin tó ń mú omi gbóná nínú hítà) bá jó, ìdajì omi á ṣì wà, àlejò ò ní pariwo.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí a ṣe ń so méjì pọ̀

Tí ẹ bá fẹ́ kí hítà méjì máa fún ilé lómi lẹ́ẹ̀kan náà, gígùn páìpù tútù tó wọ ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú páìpù gbígbóná tó ti inú rẹ̀ jáde gbọ́dọ̀ dọ́gba ní àpapọ̀. Omi ń gba ibi tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bí ọ̀nà kan bá kúrú ju èkejì lọ, hítà tó sún mọ́ á máa ṣe gbogbo iṣẹ́, á tutù, èkejì á jókòó pẹ̀lú omi gbígbóná tí kò rí ẹni lò ó. Àwọn èèyàn á ní hítà kejì bàjẹ́, wọ́n á tú u palẹ̀, wọn ò sì ní rí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Hítà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní:
- fáàfù tí a lè fi ti omi rẹ̀ nìkan pa, lápá tútù àti lápá gbígbóná;
- yúníọ̀n méjì, kí a lè tú u láìgé páìpù;
- fáàfù ààbò tirẹ̀, kí ó wà láàárín fáàfù ìtìpa tútù àti hítà, kí ohunkóhun má sì sí láàárín òun àti hítà tó lè ti omi pa;
- búrẹ́kà tirẹ̀.

Fáàfù ààbò yẹn ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń tú omi jáde bí ipá inú hítà bá ga jù, kì í sì í jẹ́ kí omi gbígbóná padà sínú páìpù tútù. Díẹ̀díẹ̀ tó ń kán nígbà tí omi ń gbóná kì í ṣe àbùkù, torí omi máa ń wú bó bá gbóná. Ẹ má fi pọ́lọ́ọ̀gù dí ẹnu rẹ̀ nítorí pé ó ń mú ilẹ̀ tutù. Ẹ so rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn lọ sí ibi tí omi ń gbà jáde. Bí ẹ bá ṣí ẹ̀rọ omi tútù tí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ń jáde, apá tó ń dá omi dúró ti kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kíákíá. Láìsí i, ọjọ́ tí táǹkì òkè bá gbẹ, omi inú hítà á ṣàn padà, élímẹ́ǹtì á sì jó nínú òfìfo.

Hítà méjì tí ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ kílówáàtì 3, bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ń fa ámpù 26. Ní ilé oní-féèsì kan, ẹ fi súwíìṣì ayípadà sí i, kí wọ́n máa gbóná tẹ̀lé ara wọn. Ní ilé oní-féèsì mẹ́ta, ẹ gbé ìkọ̀ọ̀kan sórí féèsì ọ̀tọ̀. Gbogbo wa mọ ọjọ́ tí féèsì kan á dé tí èkejì ò ní dé.

Omi tútù àti omi gbígbóná tó pàdé nínú ṣáwà gbọ́dọ̀ ti inú táǹkì kan náà wá. Bí tútù bá ń ti ọ̀dọ̀ pọ́ńpù bóhóòlù bọ̀ tààrà, á ti gbígbóná padà sẹ́yìn, ẹ ó sì máa yí ọwọ́ ṣáwà títí láìrí ibi tó bá ara mu.

Ìgbésẹ̀ keje: ògiri

Hítà lítà 50 tó kún wọn ju kílò 60 lọ, lítà 100 sì ju 120. Búlọ́ọ̀kù onihò tí a fi ń kọ́lé níbí kò lè di bóòtì mú. Ẹ fi ọwọ́ lù ú, ẹ ó gbọ́ pé ó ń dún koko bí ìlù: òfìfo wà lẹ́yìn rẹ̀. Bóòtì tó ń fẹ̀ nínú ihò á fẹ̀ sínú òfìfo, á sì dúró bí ẹni pé ó le. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ilà tẹ́ẹ́rẹ́ á hàn lára táìsì lókè irin ìkọ́, bóòtì á ti yọ bíi mílímítà méjì síta, eruku sìmẹ́ńtì á máa bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí ilà yẹn, ẹ pa hítà, ẹ fa omi rẹ̀ gbẹ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀nà tó dájú ni pé kí bíríkìlà ti mọ ibẹ̀ nígbà tí ògiri ń lọ sókè, kó fi kọnkéré kún inú búlọ́ọ̀kù tí bóòtì máa wọ̀ àti èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ilé bá ti parí, ẹ lu ihò já sí òdìkejì, ẹ fi bóòtì gígùn tó ní páànù irin lẹ́yìn dè é. Fún lítà 80 sókè, ẹ jẹ́ kí wẹ́dà ṣe irin ẹsẹ̀ tó dúró lórí dẹ́kìn, kí ògiri kàn jẹ́ ibi tó fara tì.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: títan án àti ìtọ́jú

Ẹ kún un kí ẹ tó tan án. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi gbígbóná, ẹ ṣí fáàfù tútù, ẹ dúró títí tí omi á fi dẹ́kun títutọ́ tí á sì máa ṣàn láìdáwọ́ dúró. Ìgbà náà ni kí ẹ tan iná. Ọ̀pọ̀ élímẹ́ǹtì tó ń jó láàárín ọjọ́ kan jó nítorí pé wọ́n fi ọwọ́ kan búrẹ́kà kí omi tó kún.

Omi bóhóòlù ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Àkúrẹ́ ń gbé irin wá. Ẹ bu ú sínú garawa funfun kí ó sùn. Bí ó bá di àwọ̀ ìpẹtà láàárọ̀, hítà yín ń jẹ irú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀pá magnesium kan wà nínú hítà oní-táǹkì, òun ni ìpẹtà ń jẹ dípò ara táǹkì. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ pa búrẹ́kà, ẹ ti omi pa, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ ṣí ìdí rẹ̀ kí omi jáde sínú garawa. Ohun tó ń kọ́kọ́ bọ́ ni omi pupa bí ọbẹ̀ epo tó ṣàn, lẹ́yìn náà ẹrẹ̀, lẹ́yìn náà èépá funfun bí èèpo ẹyin tí wọ́n fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ẹ máa tú omi tútù sínú rẹ̀ títí tó fi mọ́. Ẹ fa ọ̀pá náà jáde. Tuntun rẹ̀ nípọn tó àtàǹpàkò. Bí ó bá ti di wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kókó kókó lára, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú rọ́bà ìdí rẹ̀, kí ẹ tó dè é padà. Níbi tí irin bá pọ̀ gan-an, oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni, kì í ṣe ọdọọdún. Ẹ fi máákà kọ ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sára hítà, lápá ìsàlẹ̀ tí ọ̀rinrin ṣáwà kò dé.